Bàbá mi yọ ilẹ̀kùn, tẹ́náǹtì jẹ owó ilé: ta ni kóòtù máa ní kó san ìnáwó ẹjọ́?

OmoIkorodu
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló dé bá wa, mo ní kí n wá bi yín kí n tó tún kówó fún lọ́yà. Bàbá mi ní ilé ojúkojú kan ní Ìkòròdú, tẹ́náǹtì kan wà ní rúùmù kejì sí géètì, télọ̀ ni, 35,000 náírà ló ń san lóṣù. Ó jẹ owó ilé oṣù 14, ìyẹn 490,000. Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n rán àwọn àgbà àdúgbò sí i, kò dá wọn lóhùn, nígbà tó yá inú bí wọn, àárọ̀ Sátidé kan wọ́n pe káfíńtà wá, wọ́n yọ ilẹ̀kùn rúùmù ẹ̀ àti páànù mẹ́ta lórí ẹ̀. Òjò wá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Kí n má parọ́, mo rí ilẹ̀ rúùmù yẹn láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, omi dé kókósẹ̀, léèsì aláwọ̀ ewé tẹ́nìkan fún un rán ń léfòó lórí omi pẹ̀lú téèpù tó fi ń wọn aṣọ, fíríìjì ẹ̀ ti bàjẹ́.

Àwa la kọ́kọ́ lọ sí kóòtù májísíréètì, pé kó san owó wa kó sì jáde. Òun náà wá pẹjọ́ padà lé wa lórí nínú fáìlì kan náà, 1,800,000 náírà fún ẹrù àti aṣọ oníbàárà, ó tún ní ká san owó lọ́yà òun. Lọ́yà tiwa gba 300,000, a ti san 150,000. Ìbéèrè mi ni pé bí kóòtù bá sọ pé àtàwa àtòun la jẹ̀bi, ta ló máa san ìnáwó ẹjọ́? Ṣé wọ́n máa là á sí méjì ni? Ẹ̀gbọ́n mi ní torí pé gbèsè yẹn dájú, gbogbo owó lọ́yà wa ló máa dá padà, bàbá sì ti fọkàn sí i.

IyaIbeji_Agege
Ọmọ mi, ẹ ò bá má yọ páànù yẹn. Èmi borí tẹ́náǹtì tèmi o, borí-borí, lẹ́yìn bí ọdún méjì. Adájọ́ ní kó san 20,000 fún mi fún ìnáwó. Owó ọkọ̀ tí mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀ nìkan ju ìyẹn lọ, ká má tíì sọ ti lọ́yà. Ẹ bá mi sọ fún bàbá pé kí wọ́n yáa yọ ọkàn kúrò níbẹ̀.

LoyaAdugbo
Iṣẹ́ lọ́yà ni mò ń ṣe l'Ékòó níbí, àmọ́ mi ò rí fáìlì yín, torí náà ohun tí mo bá sọ, ẹ fi bi lọ́yà yín.

Ẹ kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ "ta ló jẹ̀bi" sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì, ìyẹn ìnáwó ẹjọ́. Kọ́ọ̀sì kì í ṣe ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Ìlànà ilé ẹjọ́ gíga Èkó sọ pé ẹni tí ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni kí wọ́n dá owó tó di dandan fún un kó ná lórí ẹjọ́ padà fún, kí wọ́n sì fi nǹkan bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ fún àkókò àti wàhálà tó fi ń wá sí kóòtù. Àwọn májísíréètì náà kì í jìnnà sí i. Ẹni tó bá borí ló sábà máa ń gbà á. Àmọ́ ọwọ́ adájọ́ ló wà, ó lè fún un, ó lè dín in kù, ó sì lè fi dù ú pátápátá tí ìdí bá wà, bíi kí ẹni tó borí ti hùwà tí ò dáa. Adájọ́ náà ò kàn lè sọ iye tó bá wù ú ṣá, ìdí gbọ́dọ̀ wà ńlẹ̀.

Tiyín wá lọ́jú pọ̀ torí pé ẹjọ́ méjì ló wà nínú fáìlì kan. Ti bàbá, owó ilé. Ti télọ̀, ẹrù tó bàjẹ́. Kóòtù máa dá wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní bàbá gba 490,000 pé, télọ̀ ò rí 1.8 mílíọ̀nù gbà, 250,000 péré ló rí ẹ̀rí ẹ̀ mú wá. Bàbá borí, télọ̀ náà borí. Adájọ́ lè ní kí kálukú gbé ìnáwó ara ẹ̀, èyí ni mo máa ń rí jù nírú ẹjọ́ báyìí. Ó sì lè yọ 250 kúrò nínú 490, kó wò ó pé bàbá ló ń kó 240,000 lọ sílé, kó fún wọn ní kọ́ọ̀sì, àmọ́ kó gé e kù torí páànù yẹn. Tàbí kó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kọ́ọ̀sì ẹjọ́ tiẹ̀, kó wá fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Àmọ́ pé kí wọ́n kó owó lọ́yà yín àti owó lọ́yà tiẹ̀ jọ kí wọ́n là á sí méjì, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Páànù yẹn ló máa dà yín láàmù jù. Òfin ilé gbígbé Èkó ti 2011, section 44, ẹni tó bá fi tipátipá lé ayálégbé, ìtanràn tó lè tó 250,000 náírà ni tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù 6. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàápàá ò fojúure wo onílé tó fipá léèyàn jáde, ẹ wo ẹjọ́ Eliochin àti Mbadiwe ní 1986. Torí náà bí adájọ́ bá gbà pé gbèsè wà, ó ṣì lè wo bàbá kó ní ìwọ lo fọwọ́ ara ẹ fa apá kan ẹjọ́ yìí, gbé ìnáwó ẹ.

Tela_Mushin
Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi náà télọ̀ ni, ẹ jẹ́ n bá ẹnìkejì mi sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí kí léèsì oníbàárà bàjẹ́ lọ́wọ́ télọ̀? Kì í ṣe owó nìkan, orúkọ ẹ ti bàjẹ́ nìyẹn, gbogbo ẹgbẹ́ tó fẹ́ ra aṣọ ẹbí ti gbọ́. Ó jẹ gbèsè, òótọ́ ni, kò dáa. Àmọ́ ṣé ẹ tiẹ̀ fún un ní nótíìsì? Àbí inú kàn bí bàbá láàárọ̀ Sátidé?

OmoIkorodu
@Tela_Mushin ẹ má bínú sà, mo gbà pé bàbá ṣàṣejù. Nótíìsì, ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́, kò sí ìwé kankan.

LoyaAdugbo
Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Tẹ́náǹtì olóṣooṣù tó bá ti jẹ owó oṣù 6, òfin 2011 yẹn sọ ní section 13 pé tẹ́náńsì ẹ̀ ti parí, kóòtù máa dá ilé padà fún onílé pẹ̀lú owó tó jẹ, tí onílé bá ṣáà ti fẹ̀rí gbèsè hàn. Tiyín ti jẹ 14! Ìwé àkọsílẹ̀ owó ilé nìkan ni bàbá ì bá gbé lọ. Ká ní owó nìkan ni wọ́n fẹ́ gbà, kóòtù small claims wà l'Ékòó láti 2018, ó ń gbọ́ gbèsè tí iye ẹ̀ bá dájú tí ò ju mílíọ̀nù 5 lọ, wọ́n sì fẹ́ kí ìdájọ́ jáde láàárín ọjọ́ 60, èèyàn lè lọ síbẹ̀ láìmú lọ́yà dání rárá. Ìnáwó wo ló wá kù tẹ́ ẹ máa bára yín jà lé lórí? Àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀.

SegunPeckham
Ẹ kú àṣálẹ́ o láti Lọ́ńdọ̀nù. Níbí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀bi pínpín, inú ẹjọ́ mọ́tò ló pọ̀ sí jù, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí bóyá á ràn yín lọ́wọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan jáde láìwo ọ̀nà ó kọlu mọ́tò àbúrò ìyàwó mi, àmọ́ àbúrò náà ò de bẹ́líìtì. Láti ìgbà ẹjọ́ Froom àti Butcher ní 1975 ni wọ́n ti ní, tó bá jẹ́ pé bẹ́líìtì ì bá ti gbà ẹ́ lọ́wọ́ ìpalára yẹn pátápátá, wọ́n á yọ 25 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó tó yẹ kó o gbà, tó bá jẹ́ pé ṣe ni ì bá kàn dín in kù, wọ́n á yọ 15. Wọ́n yọ 25 lára owó tiẹ̀. Èmi wá rò pé wọ́n máa yọ 25 lára owó lọ́yà ẹ̀ náà. Rárá o! Lọ́yà yẹn ṣàlàyé fún wa pé owó ìpalára lọ̀tọ̀, kọ́ọ̀sì lọ̀tọ̀. Wọ́n ní kóòtù máa ń bi ara ẹ̀ pé lẹ́yìn gbogbo atótónu, ta ló máa kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún ta? Ẹni tó ń kọ ṣẹ́ẹ̀kì ló fìdí rẹmi, bí ẹ̀bi ẹnìkejì tiẹ̀ wà níbẹ̀, òun ló sì sábà máa san kọ́ọ̀sì. Àmọ́ adájọ́ lè gé e kù, òfin ìlànà ẹjọ́ wọn, CPR 44.2, ní kó wo ìwà tí kálukú hù kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀, kó wo bóyá apá kan péré lo rí gbà, kó sì wo ẹni tó ti kọ́kọ́ na ọwọ́ ìlàjà.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi. Ẹjọ́ kan wà, Huck àti Robson, 2002. Mọ́tò méjì pàdé lójú ọ̀nà tóóró nígbèríko wọ́n kọlu ara wọn. Ẹni tó pẹjọ́ kọ̀wé sí ẹnìkejì pé òun gbà kí wọ́n ka ẹ̀bi 5 nínú ọgọ́rùn-ún sí òun lọ́rùn, kí ẹnìkejì gbé 95. Wọ́n kọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé kóòtù, wọ́n dá a láre pátá, kò ní ẹ̀bi kankan. Adájọ́ ìsàlẹ̀ ní 5 yẹn kéré, kò sí adájọ́ tó máa pín ẹ̀bi báyẹn, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní rárá, ó fi nǹkan sílẹ̀ lóòótọ́, kí wọ́n san kọ́ọ̀sì tó ga fún un. Torí ìwé kan ṣoṣo! Ẹ̀yin náà ẹ kọ̀wé sí télọ̀ yẹn.

Kí n tó gbàgbé, ẹjọ́ tí owó ẹ̀ ò bá ju £10,000 lọ, níbí o, small claims ni, kálukú ló ń gbé owó lọ́yà ara ẹ̀ níbẹ̀ àfi tẹ́nìkan bá hùwà tí ò bójú mu rárá. Ti ìjàǹbá mọ́tò tó ṣeni léṣe tún yàtọ̀, £5,000 ni wọ́n fi sí láti 2021.

OmoIkorodu
Ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n Ségun. Ẹ̀yin lọ́yà, tí wọn ò bá fún wa ní kọ́ọ̀sì, ṣé a ò lè pẹjọ́ 300,000 yẹn lọ́tọ̀ bíi gbèsè? Ẹ̀gbọ́n mi ló ń bi yín o, kì í ṣe èmi.

LoyaAdugbo
Ẹ kí ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn, àwọn adájọ́ wa gan-an ò tíì fẹnu kò lé e lórí. Ní 2000, nínú ẹjọ́ Guinness àti Nwoke, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kò bójú mu kéèyàn di bíìlì lọ́yà ẹ̀ ru ẹni tó bá a ṣẹjọ́. Ní 2003, nínú ẹjọ́ International Offshore àti SLN, wọ́n ní ó ṣeé ṣe. Ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí báyìí ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, inú ìwé ìpẹ̀jọ́ lẹ ti máa kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa mú bíìlì wá, ẹ máa mú rìsíìtì wá, kí adájọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Ẹ ò lè ti ìdájọ́ dé kẹ́ ẹ wá gbé e kalẹ̀. Ṣé lọ́yà yín kọ ọ́ sínú ìwé? Télọ̀ kọ tiẹ̀, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí inú bá sì bí bàbá sí iye kọ́ọ̀sì tí wọ́n bá fún wọn, kí wọ́n má rò pé àwọn á kàn gba ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ. Tó bá jẹ́ ilé ẹjọ́ gíga ló dá a, ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, section 241, ní ẹni tó bá fẹ́ lọ kòtẹ́milọ́rùn lórí kọ́ọ̀sì nìkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàyè. Wọn kì í fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀.

AkoweTiFeyinti
Mo ṣiṣẹ́ akọ̀wé kóòtù fún ọgbọ̀n ọdún n'Íbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, èyí tójú mi rí ni mo máa sọ. Bẹ́ ẹ ṣe ń gbọ́ ìdájọ́ báyìí, adájọ́ pa ìwé dé, lọ́yà míì á kàn tẹríba á ní a dúpẹ́ olúwa mi, á jókòó. Kò bèèrè kọ́ọ̀sì! Oníbàárà ẹ̀ wà lẹ́yìn tó ń retí. Ojú ẹsẹ̀ yẹn ló yẹ kó bèèrè, kó sọ iye, kó sọ bó ṣe jẹ́: owó tí a fi ṣí fáìlì tó yìí, owó bélìfù tó ń fi ìwé jíṣẹ́ tó yìí, ẹ̀ẹ̀mọkànlá la wá sí kóòtù, owó ọkọ̀ tó yìí. Adájọ́ tí ẹ ò bá fún ní nǹkan kan tó máa dì mú, á sọ 10,000 tàbí 20,000 á máa lọ. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ láti 1972 nínú ẹjọ́ Obayagbona àti Obazee pé owó tó jáde lápò èèyàn lóòótọ́ ni kí wọ́n máa wò, àmọ́ ta ló fẹ́ wò ó tẹ́ ẹ bá da rìsíìtì nù? Ẹ lọ ra náílọ́ọ̀nù fáìlì kan kẹ́ ẹ máa ju gbogbo ẹ̀ sí i.

Ìkejì, kọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ní kéèyàn san láàárín ẹjọ́ torí pé ó sún ẹjọ́ síwájú láìnídìí, ìyẹn ò dúró de ẹni tó máa borí. Ẹni tó bá fi ọjọ́ ṣòfò ló ń san án. Ẹ lè borí lọ́la kí tàná ṣì jẹ́ ẹrù yín, adájọ́ sì lè ní ẹjọ́ yín ò ní tẹ̀ síwájú títí ẹ ó fi san án.

OmoIkorodu
Háà! Wọ́n ní ká san 10,000 lóṣù tó kọjá torí pé lọ́yà wa ò yọjú, bàbá ní àwọn ò san kọ́bọ̀, pé ẹni tó jẹ wọ́n ní gbèsè kọ́ ni wọ́n máa wá kówó fún.

AkoweTiFeyinti
Kí wọ́n san án lọ́la òde yìí. Ẹ gba rìsíìtì. Tó bá jẹ́ lọ́yà ló fa á, ẹ sọ fún un kó yọ ọ́ nínú owó ẹ̀.

IyaIbeji_Agege
Hahaha kó yọ ọ́ nínú owó ẹ̀ kẹ̀. Lọ́yà wo nìyẹn.

LoyaAdugbo
Màmá, àwa kan wà tá a máa ń yọ ọ́ o 😂

Ọ̀rọ̀ ìwé tí ẹ̀gbọ́n Ségun sọ yẹn, ó ṣeé ṣe níbí náà. Kí lọ́yà yín kọ̀wé sí lọ́yà télọ̀, kó kọ "without prejudice save as to costs" sórí ẹ̀. Ohun tíyẹn túmọ̀ sí ni pé adájọ́ ò ní rí ìwé yẹn títí tó fi máa dá ẹjọ́ tán, kó má bàa rò pé ẹ ti gbà pé ẹ jẹ̀bi, àmọ́ tó bá ti kan ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì, ẹ lè mú un jáde pé ẹ wò ó olúwa mi, láti oṣù yìí la ti fẹ́ sanwó fíríìjì àti léèsì, òun ló kọ̀. Ojú tí adájọ́ fi ń wo bàbá á yí padà. Kí iye tẹ́ ẹ máa kọ síbẹ̀ jẹ́ iye tó ṣeé gbà o, ẹ má kọ 20,000 fún fíríìjì, ìyẹn á tún bí adájọ́ nínú ni.

Tẹ́ ò bá fẹ́ náwó sí ìwé mọ́, Citizens Mediation Centre ti ìjọba Èkó wà, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì. Òfin 2011 yẹn gan-an ní kí kóòtù máa gba àwọn èèyàn níyànjú láti parí ọ̀rọ̀ ní ìtùnbí ìnùbí. Kí bàbá má lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n yín ṣáá.

Tela_Mushin
Ẹ bá mi bi télọ̀ yẹn bóyá ó ní àwòrán àwọn aṣọ tó bàjẹ́. Tí ò bá ní, 1.8 yẹn ò lè jáde. Ẹnìkejì mi ni àmọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

OmoIkorodu
Mo padà wá. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ má bínú. A yẹ ìwé wò, lọ́yà wa ò kọ owó ẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti wọlẹ̀. Bàbá san 10,000 náà, wọ́n ń kùn títí a fi délé. A wá kọ̀wé sí télọ̀ bẹ́ ẹ ṣe sọ, ọjọ́ kẹrin ló fúnra ẹ̀ pe fóònù bàbá, kò gba ọwọ́ lọ́yà kankan, ó ní òun fẹ́ wá kí wọn. Wọ́n jókòó sábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé láti aago mẹ́rin títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó ní àwòrán aṣọ mẹ́ta péré, ó ní rìsíìtì fíríìjì. Wọ́n jọ ṣírò ẹ̀ sí 215,000. Wọ́n yọ ọ́ nínú 490, ó ku 275,000, á máa san án díẹ̀díẹ̀ fún oṣù 11, 25,000 lóṣù, á sì kó jáde. Àwọn lọ́yà méjèèjì kọ ọ́ sílẹ̀, a gbé e fún adájọ́ ó sọ ọ́ di ìdájọ́. Ìlà tó kẹ́yìn nínú ìwé náà ni pé kálukú á gbé ìnáwó ara ẹ̀.

150,000 tó kù fún lọ́yà wa ṣì ń dúró dè wá, mo bẹ̀ ẹ́ ó gba 120,000.

Télọ̀ kó jáde lọ́jọ́ Fúráìdé. Ó gbá rúùmù yẹn kó tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Bàbá ń bi mí láàárọ̀ yìí pé ta ló máa wá rán agbádá ìgbéyàwó àbúrò mi, torí òun ló ń rán gbogbo aṣọ ilé wa tẹ́lẹ̀. Mi ò dá wọn lóhùn.